Ọjọ́ Kan, Erékùṣù Kan: Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Ilẹ̀ Káríbíánì Dáadáa Nígbà Tí Ọkọ̀ Bá Gúnlẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti wọ ọkọ̀ afẹ́ lọ sí àwọn erékùṣù Káríbíánì, tí wọ́n gúnlẹ̀ sí èbúté márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àmọ́ tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù góòlù àti ti lọ́fínńdà tó wà lẹ́nu géètì èbúté nìkan ni wọ́n rí. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́: mo fẹ́ rí gbogbo nǹkan, inú takisí ni mo sì ti lo ọjọ́ náà tán. Ní báyìí, ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń mú ní erékùṣù kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń ka wákàtí mi láti ìparí wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yẹ físà wò fún èbúté kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sanwó ọkọ̀

Àwọn erékùṣù wọ̀nyí kì í ṣe orílẹ̀-èdè kan náà. Barbados dá dúró, Saint Lucia dá dúró, Martinique jẹ́ apá kan ilẹ̀ Faransé, Puerto Rico àti Saint Thomas sì wà lábẹ́ Amẹ́ríkà. Òfin ìwọlé ti ọ̀kan kò kan èkejì. Ẹni tó ní físà Schengen, èyí tí wọ́n fi ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, lè rò pé ó ti tó fún Martinique, àmọ́ físà náà kò dé àwọn erékùṣù Faransé tó wà lókè òkun, àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ sára rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé Miami ni ọkọ̀ yín ti máa gbéra, tó tún máa padà sí Miami, físà Amẹ́ríkà tó gba ìwọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lẹ nílò, torí pé ẹ ó jáde, ẹ ó sì tún wọlé. Ẹ kọ orúkọ gbogbo èbúté sórí ìwé, kí ẹ yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lórí ìkànnì ìjọba ibẹ̀. Tí ẹ ò bá ní ìwé ìwọlé ti èbúté kan péré nínú wọn, wọ́n lè má jẹ́ kí ẹ wọkọ̀ rárá.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ka wákàtí láti ẹ̀yìn

Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ìwé ètò ọkọ̀ á sọ pé aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ ó sì rò pé wákàtí mẹ́sàn-án lẹ ní. Kò tó bẹ́ẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ọkọ̀ tó ṣí ni gbogbo èrò sábà máa ń ní láti ti wà nínú rẹ̀, ìgbà mìíràn sì wà tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi tún máa ń yọ wákàtí kan sí i nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, táyà tó lè jò, àti òjò òjijì. Ní àárọ̀ pàápàá, ọkọ̀ lè so mọ́ jẹ́tì ní aago mẹ́jọ kí wọ́n má tíì gbà kí ẹnikẹ́ni sọ̀ títí di mẹ́jọ ààbọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Castries, olú-ìlú Saint Lucia, ṣe àpẹẹrẹ. Ohun tí gbogbo ayé ń lọ wò ní erékùṣù yẹn ni àwọn Piton, òkè ṣóńṣó méjì tó dìde láti etí òkun lẹ́bàá ìlú Soufrière, tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2004. Ọ̀nà ibẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi wákàtí kan ààbọ̀ sílẹ̀ fún àlọ, kí ẹ fi iye kan náà sílẹ̀ fún àbọ̀. Tí ẹ bá sọ̀ ní mẹ́jọ ààbọ̀, tí ẹ sì fẹ́ padà dé ní mẹ́ta ààbọ̀, wákàtí méje nìyẹn. Ẹ yọ mẹ́ta ti ojú ọ̀nà kúrò, ó ku mẹ́rin. Mẹ́rin yìí tó fún Sulphur Springs, níbi tí omi dúdú ti ń hó látinú ilẹ̀ tòun ti èéfín, tí èèyàn lè fi ẹrẹ̀ rẹ̀ para, kó jẹ́ kó gbẹ, kó sì wẹ̀ ẹ́ kúrò nínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́. Ó tó láti dúró wo omi tó ń já láti orí àpáta níbì kan, ó sì tó fún oúnjẹ ọ̀sán. Kò tó láti tún lọ sí Pigeon Island, tó wà ní ìhà àríwá pátápátá. Tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òun lè fi méjèèjì hàn yín lọ́jọ́ kan, ojú fèrèsé ọkọ̀ ni ẹ ó ti wo púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ibi tó jìnnà jù ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ wá máa sún mọ́ ọkọ̀ bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Tí àkókò bá wá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ọ̀sán, ẹ lọ jókòó ní gbàgede Derek Walcott láàárín Castries. Ìlú yìí ni wọ́n bí akéwì náà sí, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1992. Ọmọ Saint Lucia mìíràn, Arthur Lewis, ti gba Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé ní 1979. Erékùṣù kékeré bẹ́ẹ̀! Èmi ò lè kọjá níbẹ̀ kí n má dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ aago tí ẹ ń wò

Ọkọ̀ ní aago tirẹ̀, erékùṣù ní tirẹ̀, fóònù yín á sì fúnra rẹ̀ yí padà sí ti erékùṣù láìsọ fún yín. Ibi tó ti burú jù ni Cozumel, ní Mẹ́síkò. Láti 2015 ni ìpínlẹ̀ Quintana Roo, tí erékùṣù náà wà, kò ti yí aago rẹ̀ síwá-sẹ́yìn mọ́ láàárín ọdún, Miami sì ṣì ń yí tirẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ń lo aago Miami láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kọkànlá, nígbà tí fóònù yín bá sọ pé mẹ́ta ààbọ̀ lọ́hùn-ún, mẹ́rin ààbọ̀ ti lù nínú ọkọ̀.

Mo ti rí i rí pẹ̀lú ojú ara mi. A wà lókè ọkọ̀, wọ́n ti tú okùn, àlàfo omi láàárín wa àti jẹ́tì ò tíì ju bí èèyàn ṣe lè fò lọ, la bá rí tọkọtaya kan tó ń sáré bọ̀. Ọkọ fi ọmọ sọ́rùn, ìyàwó mú bàtà lọ́wọ́. Àwọn èrò òkè ń pariwo pé kí wọ́n dúró dè wọ́n, àmọ́ ọkọ̀ tó tóbi bẹ́ẹ̀ kì í padà sẹ́yìn nítorí ẹni mẹ́ta. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ lórí jẹ́tì. Títí dòní ni mo máa ń rántí bó ṣe jókòó.

Nítorí náà, ẹ wọ aago ọwọ́ lásán tí kì í yí ara rẹ̀ padà, kí ẹ fi í sí aago ọkọ̀, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án títí ẹ ó fi délé. Kí ẹ tó sọ̀, ẹ ya fọ́tò ìwé ètò ọjọ́ náà. Orúkọ aṣojú ọkọ̀ ní èbúté àti nọ́ńbà rẹ̀ sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Tí ọkọ̀ bá fi yín sílẹ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ sábà máa ń wá ìwé ìrìnnà ẹni tí kò dé nínú yàrá rẹ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún aṣojú náà kí ọkọ̀ tó lọ. Owó tí ẹ ó fi bá ọkọ̀ ní èbúté tó kàn, àpò yín ló ti máa jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ṣé kí ẹ bá ti ọkọ̀ lọ ni, àbí kí ẹ dá lọ?

Ìjáde tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ṣètò sábà máa ń wọ́n ju èyí tí ẹ fúnra yín ṣètò lọ, ẹ ó sì tò tẹ̀lé ara yín lẹ́yìn amọ̀nà tó gbé páálí nọ́ńbà sókè. Àmọ́ ohun tí owó yẹn rà ni pé tí bọ́ọ̀sì bá pẹ́ lọ́nà, ọkọ̀ á dúró, tàbí kí wọ́n gbé yín lọ bá a. Ìlànà tèmi nìyí: tí ibi tí mo ń lọ bá ju wákàtí kan lọ sí èbúté, bíi Soufrière tí mo sọ lókè, tàbí tó jẹ́ pé bóòtù ló máa gbé mi débẹ̀, mo máa ń bá ti ọkọ̀ lọ. Tó bá sún mọ́ èbúté ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo máa ń dá lọ.

Àwọn ìlú kan wà tí ẹsẹ̀ yín ti tó. Ní Willemstad, Curaçao, ẹ lè rìn dé afárá Queen Emma tó ti ń léfòó lórí omi láti 1888. Tí ọkọ̀ bá fẹ́ kọjá, odindi afárá náà á yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ilẹ̀kùn. Tó bá ṣí nígbà tí ẹ wà ní òdì kejì, ẹ má bẹ̀rù, bóòtù ọ̀fẹ́ wà tó ń gbé èèyàn sọdá. Ní San Juan, Puerto Rico, ìlú àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ níwájú èbúté, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé odi El Morro. Ní Bridgetown, Barbados, ìrìn bí ogún ìṣẹ́jú ló wà láàárín èbúté àti ìgboro, tí UNESCO kọ sílẹ̀ pọ̀ mọ́ bárékè àtijọ́ rẹ̀ ní 2011.

Dominica gba ìkìlọ̀ tirẹ̀. Gbogbo ẹni tó fẹ́ràn òkè àti igbó ló máa ń fẹ́ rí Boiling Lake, adágún tó ń hó bí omi orí iná. Ìrìn ẹsẹ̀ bíi wákàtí mẹ́ta ni àlọ nìkan, lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀. Ẹ má dán an wò lọ́jọ́ tí ọkọ̀ yín máa ṣí ní ìrọ̀lẹ́. Trafalgar Falls ni kí ẹ lọ. Kò jìnnà sí Roseau, olú-ìlú Dominica, rárá, omi méjì ló ń já pọ̀ láti orí àpáta ńlá, ìrìn díẹ̀ lẹ ó sì rìn láti ibi ìdúró ọkọ̀ kí ẹ tó rí wọn. Ẹ wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú.

Ní George Town, Grand Cayman, ọkọ̀ kì í so mọ́ jẹ́tì. Ó máa ń sọ ìdákọ̀ró sójú omi, bóòtù kéékèèké á sì máa kó èrò lọ sí etí òkun. Ìlà máa ń gùn ní àárọ̀, á tún gùn ní ìrọ̀lẹ́. Níbẹ̀, aago bóòtù tó kẹ́yìn ni kí ẹ kà sí aago tí ọkọ̀ ṣí. Tí ìgbì bá sì le, ọ̀gá ọkọ̀ lè kọjá erékùṣù náà láìdúró, pàápàá láàárín ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà sí ọgbọ̀njọ́ oṣù Kọkànlá, tí í ṣe àsìkò ìjì líle. Tí ẹ bá fẹ́ sanwó sílẹ̀ fún amọ̀nà àdáni, ẹ kọ́kọ́ béèrè: ṣé owó mi á padà tí ọkọ̀ ò bá dúró? Ẹ gba èsì náà lákọsílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ohun tó yẹ kó wà nínú báàgì, àti èyí tí kò yẹ kó wà níbẹ̀

Káàdì ọkọ̀ yín, káàdì ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò, ẹ̀dà ìwé ìrìnnà, omi, fìlà, oògùn tí ẹ ń lò, àti owó kéékèèké. Àfi tí èbúté bá sọ pé àwọn fẹ́ rí ìwé ìrìnnà gan-an, ẹ fi í sílẹ̀ sínú àpótí aláàbò yàrá yín.

Ẹ má wọ aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti sójà, ẹ má sì fi wọ ọmọdé. Ìbáà ṣe ṣòkòtò, fìlà tàbí báàgì, òfin ló kà á léèwọ̀ fún aráàlú ní Barbados, Saint Lucia, Grenada, Antigua, Jamaica, àti àwọn erékùṣù mìíràn ní agbègbè náà. Wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín, wọ́n sì lè bu owó ìtanràn lé e.

Ìpara tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn pọndandan, ẹni tí awọ rẹ̀ dúdú náà nílò rẹ̀. Àmọ́ ẹ ka ara ike rẹ̀. Ní Saint Thomas, Saint Croix àti Saint John, tí wọ́n wà lábẹ́ Amẹ́ríkà, òfin tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti 2020 kò gba ìpara tó ní oxybenzone, octinoxate tàbí octocrylene, nítorí ohun tí wọ́n ń ṣe fún iyùn inú òkun. Èyí tó jẹ́ zinc oxide ni kí ẹ rà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ kí èèyàn, kí ẹ tó béèrè dọ́là èwo

Ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn erékùṣù wọ̀nyí, ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì tàbí ṣọ́ọ̀bù láìkí ará ibẹ̀ ti fi ara rẹ̀ hàn bí aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹ kọ́kọ́ sọ "good morning", ẹ dúró kí wọ́n dáhùn, kí ẹ tó béèrè ọ̀nà. Mo ti rí i tí ojú awakọ̀ yí padà nítorí ìkíni yẹn nìkan.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn. Ọ̀pọ̀ takisí ibẹ̀ kò ní mítà. Ẹ dúró sí ìta ọkọ̀, kí ẹ bi awakọ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta: èló ni? Ṣé orí ẹnì kọ̀ọ̀kan ni àbí ọkọ̀ lódindi? Dọ́là èwo? Ìbéèrè kẹta yìí ló ń kó èèyàn yọ. Antigua, Dominica, Grenada, Saint Kitts, Saint Lucia àti Saint Vincent jọ ń ná dọ́là kan náà, tí wọ́n ti so mọ́ dọ́là Amẹ́ríkà láti 1976, ní 2.70 sí 1. Tí awakọ̀ bá sọ pé 54, tó jẹ́ dọ́là ti ibẹ̀, 20 dọ́là Amẹ́ríkà ni. Tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà ló ń sọ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Barbados ní dọ́là tirẹ̀, 2 sí 1. Yúrò ni wọ́n ń ná ní Martinique.

Ní Barbados, mo fẹ́ràn àwọn bọ́ọ̀sì kékeré tí nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ZR. Orin á máa dún gidi, èrò á kún fọ́fọ́, iye kan náà sì ni owó ọkọ̀, ẹ ìbáà sọ̀ nítòsí tàbí lọ́nà jíjìn. Ní Grenada, bóòtù akérò máa ń gbé èèyàn láti St. George's lọ sí Grand Anse, etíkun oníyanrìn funfun tó gùn tó bíi kìlómítà mẹ́ta.

Grenada náà ni awakọ̀ kan ti dúró lẹ́bàá ọ̀nà, tó ká èso kan láti orí igi, tó sì là á sí méjì níwájú mi. Èso náà pupa rẹ́súrẹ́sú lóde, ó jọ máńgòrò kékeré. Inú rẹ̀ ni hóró dúdú tó ń dán wà, ohun pupa fòò kan sì wé mọ́ ọn lára bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun pupa yẹn ni mace, hóró inú ni nutmeg. Ẹyọ èso kan, èròjà ọbẹ̀ méjì. Ó fi lé mi lọ́wọ́ kí n gbóòórùn rẹ̀, ó ní kí n wo àsíá orílẹ̀-èdè àwọn. Òótọ́ ni, èso náà wà lára àsíá. Ká ní mo dúró sẹ́nu èbúté ni, inú páálí ni mi ò bá ti rí i.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ wá àwọn tó kọ́ odi wọ̀nyẹn

Ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lọ́kàn ju etíkun lọ. Odi Brimstone Hill ní Saint Kitts, tí UNESCO kọ sílẹ̀ ní 1999, àti èbúté àtijọ́ Nelson's Dockyard ní Antigua, tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní 2016, rẹwà gan-an. Àwọn ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì ló yàwòrán wọn. Ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbẹ́ òkúta, tó sì gbé e gun òkè. Nígbà tí ẹ bá dé Brimstone Hill, ẹ fọwọ́ kan ògiri náà, kí ẹ wo bí òkúta dúdú kọ̀ọ̀kan ṣe wọnú ara wọn. Tí amọ̀nà kò bá dárúkọ àwọn ọmọ Áfíríkà náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Barbados, ère ọkùnrin kan tó gbé ọwọ́ sókè, tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ já lọ́wọ́ rẹ̀, wà ní oríta kan lẹ́yìn ìgboro Bridgetown láti 1985. Bussa ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, orúkọ ẹni tó ṣíwájú ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní 1816. Ẹ ní kí takisí yà síbẹ̀, kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ní Martinique, tí àkókò bá wà, Saint-Pierre ni kí ẹ lọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún 1902, òkè ayọnáyèéfín Pelée bú gbàù, ó sì pa nǹkan bí 28,000 èèyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ tó yè é ni Cyparis, ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n tì mọ́ yàrá olókùúta. Yàrá náà ṣì wà níbẹ̀, ẹ lè wo inú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Nínú omi àti lábẹ́ igi

Ìhà ìwọ̀-oòrùn erékùṣù sábà máa ń ní omi tútù pẹ̀sẹ̀, ìhà ìlà-oòrùn tó kọjú sí Àtìláńtíìkì sì máa ń ru. Ní Bathsheba, Barbados, ẹ wò, ẹ ya fọ́tò, ẹ má lúwẹ̀ẹ́. Carlisle Bay, tó wà nítòsí Bridgetown, ni kí ẹ ti wẹ̀. Tí ẹ bá rí ìjàpá òkun níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Igi kan wà létíkun tí wọ́n ń pè ní manchineel. Èso rẹ̀ dà bí ápù kékeré, ó ń ta sánsán, ó sì ní májèlé gidigidi. Oje rẹ̀ funfun bíi wàrà, ó ń bó awọ ara. Tí òjò bá dé, ẹ má sá sábẹ́ rẹ̀, torí omi tó ń kán láti ara ewé rẹ̀ náà ń jóni. Ní àwọn etíkun kan, wọ́n máa ń kun ìdí igi náà ní ọ̀dà pupa. Ẹ fi han àwọn ọmọ yín kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri.

Nígbà tí ẹ bá ń padà

Ẹ má ra ohunkóhun tí wọ́n fi iyùn inú òkun tàbí ìkarahun ìjàpá òkun ṣe, kódà tí ẹni tó ń tà á bá sọ pé kò sí wàhálà. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín, ìyà òfin sì wà níbẹ̀. Èso tútù náà kì í sábà wọ inú ọkọ̀, nítorí náà ẹ jẹ ẹ́ tán lórí jẹ́tì. Ẹ mú káàdì ọkọ̀ àti káàdì ìdánimọ̀ sọ́wọ́ kí ẹ tó dé géètì, ẹ gbọn iyanrìn inú bàtà dànù, kí ẹ sì wo aago ọwọ́ yín. Tó bá jẹ́ mẹ́ta ààbọ̀ bí a ṣe kà á, ẹ ṣì ní wákàtí kan gbáko láti jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹnu èbúté, kí ẹ máa wo erékùṣù náà títí wọn ó fi pè yín wọlé.